Sàlẹ́ńsà dúdú tó ń ṣí bí èèpo ẹ̀gẹ́: abẹ́ ọ̀dà ni kí ẹ wò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀kadà Bajaj Boxer ni mò ń gùn níbí ní Ìsẹ́yìn, ọdún kẹrin rẹ̀ lọ́wọ́ mi nìyí. Sàlẹ́ńsà rẹ̀ dúdú minimini nígbà tí mo rà á. Ní báyìí, ọrùn rẹ̀ ti funfun, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti dógùn-ún, ó pọ́n bí ilẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gbé e fún péńtà. Ti àkọ́kọ́ kò lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tó fi lọ. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì wú, ó lé bí ara tí omi gbígbóná dà sí, ó wá ń ṣí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Kí ni kí n fi fọ̀ ọ́? Irú ọ̀dà wo ni kí n rà? Àbí kí n kúkú ra sàlẹ́ńsà tuntun?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì ra tuntun, ẹ má sì tíì bá péńtà yín jà. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, ọ̀rọ̀ kan ló dá mi dúró: "ó wú". Ọ̀dà tó bá jóná máa ń di eérú ni, á funfun, ọwọ́ á máa gbọ̀n ọ́n dànù. Èyí tó bá wú, nǹkan kan ló wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń wá ọ̀nà jáde. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lójú pé ọ́ìlì ni. Ẹ jẹ́ kí n bi yín: ṣé ẹ kì í fi kọ́ńdẹ̀m ọ́ìlì, ìyẹn ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò gbó, nu sàlẹ́ńsà yẹn láàárọ̀ kó lè máa dán?

Mo bèèrè nítorí pé èmi náà ṣe é rí. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá wa kì í jẹ́ kí máṣíìnì kan kúrò ní ṣọ́ọ̀bù láìjẹ́ pé a ki àkísà bọ inú ike kọ́ńdẹ̀m, ká fi pa sàlẹ́ńsà láti ọrùn dé ìdí. Inú oníbàárà á dùn, á fún àwa ọmọọṣẹ́ ní owó omi. Kó tó dé oríta kejì, èéfín á ti máa rú lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ́ìlì yẹn kì í jó tán o. Apá kan á bá èéfín lọ, apá kejì á yan mọ́ irin bí ìdí ìkòkò ẹ̀wà tó jóná, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn. Níbi tí ọ̀dà bá sì ti là, bó ti wù kó kéré tó, ọ́ìlì á gba ibẹ̀ wọ abẹ́. Ẹni tó bá wá kun ọ̀dà tuntun lé e, orí ọ́ìlì ló kùn ún sí, kò kan irin rárá. Ọjọ́ tí ooru bá dé, ọ́ìlì á di afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ á gbé ọ̀dà sókè bí àkàrà inú epo. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ti ẹlẹ́ẹ̀kejì nìyẹn.

Ti àkọ́kọ́ tó lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹjọ́ tirẹ̀ yàtọ̀. Ọ̀dà mọ́tò ni péńtà fi kùn ún. Kì í ṣe pé ó fẹ́ rẹ́ yín jẹ. Ohun tó ní nílé ló lò, ọ̀dà yẹn á sì wà lára bọ́nẹ́ẹ̀tì fún ọdún mẹ́wàá. Àmọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì kì í rí irú ooru tí sàlẹ́ńsà ń rí. Bí ẹ bá gbé èrò méjì gun òkè, ọrùn sàlẹ́ńsà níbi tó ti jáde lára ẹ́ńjìnnì lè gbóná kọjá 300°C. Ikùn rẹ̀ lẹ́yìn máa ń tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ọ̀dà mọ́tò kì í lè fara da ju nǹkan bíi 150 sí 200°C lọ kí oje tó so ó pọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi jẹ́ ọrùn ló kọ́kọ́ funfun, tí ikùn ṣì dúdú díẹ̀.

Ọ̀dà tó bá sàlẹ́ńsà mu, oje silicone ni wọ́n fi ṣe é. Ohun tó wà nínú yanrìn wà nínú ìpìlẹ̀ oje yìí, òun ló jẹ́ kó lè dúró níbi tí oje ọ̀dà lásán ti ń di eérú. Dúdú inú rẹ̀ náà yàtọ̀. Dúdú ọ̀dà lásán sábà máa ń jẹ́ irú èédú kan tí wọ́n lọ̀ kúnná, èédú sì ń jó; ti ọ̀dà ooru jẹ́ èròjà irin tí iná ò rí nǹkan jẹ lára rẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, ẹ má tẹ̀lé orúkọ tàbí àwòrán iná tó wà lára agolo. Nọ́ńbà ni kí ẹ kà. Ọ̀pọ̀ agolo tó ń wọlé láti Amẹ́ríkà máa ń kọ ooru wọn ní Fahrenheit (°F), kì í ṣe Celsius (°C), ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí wa mú. Agolo tó bá kọ 500°F, ọ̀dà ara ẹ́ńjìnnì ni, 260°C péré ni. Ọrùn sàlẹ́ńsà á jẹ ẹ́ láìpẹ́. Èyí tó bá kọ 1200°F, tó jẹ́ nǹkan bíi 650°C, òun ni tiyín. Ọ̀dà sítóòfù tàbí ti ààrò ìyanran tó bá ní nọ́ńbà kan náà á ṣiṣẹ́ náà. Sàlẹ́ńsà kò mọ ohun tí wọ́n kọ sára agolo.

Ayédèrú sì wà lọ́jà, ẹ ò ní í gbọ́ ìyẹn lẹ́nu mi fún ìgbà àkọ́kọ́. Bí mo ṣe ń dán an wò rèé. Mo máa ń gba agolo mílíìkì òfìfo, màá fi sáńpépà họ ojú rẹ̀, màá fín ọ̀dà náà sí i ní fẹ́lẹ́, màá jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà, màá fi ẹ̀mú mú un sórí iná gáàsì ní ìta gbangba, díẹ̀díẹ̀, kí n tó jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀. Ojúlówó á rú èéfín díẹ̀, á rùn, dúdú rẹ̀ lè ṣá díẹ̀, àmọ́ bí agolo bá tutù tí mo fi èékánná ha á, kò ní í ṣí. Ayédèrú á hó, á wú, á di eérú lójú mi. Agolo mílíìkì kan ti gbà mí lọ́wọ́ àdánù púpọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí fífọ̀, torí pé òun lẹ kọ́kọ́ bèèrè. Kí ẹ tó mú kànrìnkàn, ẹ mọ irú dúdú tó wà níwájú yín. Ti Boxer yín, bíi ti ọ̀pọ̀ máṣíìnì iṣẹ́, ọ̀dà ooru tí kì í dán ni. Àwọn máṣíìnì ńlá kan máa ń ní kúrómù dúdú: ó ń dán bíi gíláàsì, ẹ lè ka eyín ara yín nínú rẹ̀. Ìyẹn kò gba sáńpépà rárá. Ẹni tó bá ha á ti bà á jẹ́ nìyẹn, kò sí àtúnṣe ní ojúlé. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ rẹ òwú sínú tínà, kí ẹ fi nu ibi kọ́lọ́fín kan lẹ́yìn sàlẹ́ńsà nígbà tó bá tutù. Bí òwú bá dúdú tí ojú ibẹ̀ sì rọ̀, ọ̀dà lásán ni ẹnì kan kùn sí i. Bí òwú bá mọ́, ọ̀dà tó yan jinná ni, bóyá fífọ̀ nìkan ló sì nílò.

A kì í fọ sàlẹ́ńsà gbígbóná. Mo mọ̀ pé bí ọlọ́kadà bá ti dé láti ojú ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀, ó máa ń yá a lára láti da omi sí i kí ẹrẹ̀ tó gbẹ. Irin gbígbóná tó bá pàdé omi tútù á sún kì lójijì, ọ̀dà orí rẹ̀ kò lè bá a sún bẹ́ẹ̀, á wá là wẹ́wẹ́ tó jẹ́ pé ojú lásán kò ní í rí i. Inú àwọn ìlà yẹn ni òjò ń gbà wọlé. Wákàtí kan ni kí ẹ fún un. Ẹ fi ọ̀rá náílọ̀n di ẹnu rẹ̀ lẹ́yìn kí omi má wọ inú, kí ẹ sì rántí yọ ọ̀rá yẹn. Ẹnì kan ta kíìkì níwájú ṣọ́ọ̀bù mi láàárọ̀ ọjọ́ kan títí àgbọ̀n rẹ̀ fi ń ṣomi, àwa méjì ti fẹ́ tú kabúrétọ̀, kí ọmọọṣẹ́ mi kékeré tó tọ́ka sí ìdí sàlẹ́ńsà.

Ọṣẹ olómi tí ẹ fi ń fọ àwo, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó fún àwọn kọ̀rọ̀: ó tó. Ẹ má lo ohunkóhun tó ní bílíìṣì, ó máa ń mú irin dógùn-ún kíákíá. Bí girísì bá ti yan mọ́ ọn, kẹrosíìnì ni kí ẹ fi rẹ ẹ́, kì í ṣe pẹtiróòlù, kí ẹ tún fọ kẹrosíìnì náà kúrò pẹ̀lú ọṣẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ tan ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ooru gbé omi inú àwọn ìsopọ̀ jáde. Ẹ má ṣe fi pólíìṣì kúrómù tàbí kànrìnkàn onírin kan dúdú tí kì í dán. Á dán lóòótọ́, àmọ́ ojú kan ṣoṣo tí ẹ fi ọwọ́ bọ́ ni yóò máa dán, bí ìdí ṣòkòtò tó ti pẹ́ lórí àga, kò sì sí bí ẹ ṣe máa dá a padà.

Ọ̀rá tó yọ́ mọ́ ọn, tàbí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà èrò, ni wàhálà tó wọ́pọ̀ jù. Ẹ má fi ọ̀bẹ ha á. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ títí irin á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ pa á, kí ẹ fi orógùn tí wọ́n ti pa tì ní ilé ìdáná tì í kúrò. Àbọ̀ tó bá kù, ẹ jẹ́ kí irin tutù pátápátá, kí ẹ wá fi ásítóònù tí àwọn obìnrin fi ń nu ọ̀dà èékánná pa á díẹ̀díẹ̀. Nítorí pé a ti dárúkọ ẹsẹ̀ èrò: àpá sàlẹ́ńsà wà ní ojúgun ìdajì àwọn tí mo mọ̀, apá ọ̀tún ló sì sábà máa ń wà, nítorí pé apá ọ̀tún ni sàlẹ́ńsà ọ̀pọ̀ máṣíìnì wà. Ẹ máa ní kí èrò gba apá òsì gùn, kó gba ibẹ̀ sọ̀. Bó bá jó ẹnì kan, omi tútù tó ń ṣàn fún ogún ìṣẹ́jú ni, kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín, kọ́ńdẹ̀m ọ́ìlì ni ẹ ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn rárá.

Ọ̀rọ̀ ìdógùn-ún ìsàlẹ̀ ló máa sọ bóyá kí ẹ ná owó sí sàlẹ́ńsà yìí tàbí kí ẹ má ná an. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òjò àti ẹrẹ̀ nìkan ló ń jẹ ẹ́ láti ìta. Inú ni olórí ọ̀tá wà. Lítà epo kan tó bá jó nínú ẹ́ńjìnnì, omi tó ń ti ibẹ̀ jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà kan, ó kàn jẹ́ pé ooru omi ni, omi tó ti di afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá rin ọ̀nà jíjìn, sàlẹ́ńsà á gbóná dáadáa, ooru omi á sì bá èéfín jáde. Àmọ́ bó bá jẹ́ láti ilé dé ọjà, ẹ pa á, ẹ tún tan án, ẹ tún pa á, ooru omi yẹn á di omi padà nínú ikùn rẹ̀, á lọ dúró ní ìsàlẹ̀ níbi tó rẹlẹ̀ jù. Ọ̀pọ̀ sàlẹ́ńsà ní ihò kékeré kan ní abẹ́ ìdí rẹ̀ tí omi yẹn máa ń gbà kán. Mo ti bá a pàdé níbi tí wẹ́dà ti dí i pa nítorí ó rò pé ó jò. Bí tiyín bá ní in, ẹ fi wáyà tín-ín-rín yọ ẹrẹ̀ inú rẹ̀.

Ẹ gbé sípánà kékeré, kí ẹ máa fi kan ìsàlẹ̀ sàlẹ́ńsà lẹ́sẹẹsẹ láti iwájú lọ sẹ́yìn, kí ẹ sì tẹ́tí. Irin tó ṣì nípọn á dún kẹ́ń, kẹ́ń. Ibi tó bá dún pọ̀, pọ̀, bí ẹni kan páálí, inú ti jẹ ẹ́ tán. Ẹ gbé ẹnu ìṣó ńlá lé ibẹ̀, kí ẹ tì í. Bí ó bá wọlé, kò sí ọ̀dà tó lè bá yín bo ìyẹn. Ihò kan tàbí méjì, wẹ́dà tó mọ iṣẹ́ lè fi irin pẹlẹbẹ lẹ̀ ẹ́. Bó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, tàbí tí ẹ bá gbọ́ tí irin ń mì jìgìjìgì nínú ikùn rẹ̀ nígbà tí ẹ bá gbọ̀n ọ́n, ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ ra tuntun, owó ọ̀dà á jẹ́ àfiṣòfò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi fílà (filler, kì í ṣe ti orí) tí péńtà fi ń dí ojú mọ́tò dí ihò sàlẹ́ńsà. Òórùn rẹ̀ nìkan á kọ́ yín lọ́gbọ́n.

Bí ó bá dún kẹ́ń dé ìdí, ẹ tú u sílẹ̀. Ẹ má kùn ún lára máṣíìnì. Abẹ́ tí ojú yín kò ní í dé ni ìpẹtà wà. Nọ́ọ̀tì méjì tó wà ní ọrùn ló ń gba sùúrù. Ẹ fín ọ́ìlì atúdè sí wọn ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ tú wọn ní àárọ̀, kí ẹ tì í síwá, kí ẹ tì í sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá fi agbára já bóòtì ibẹ̀ sínú orí ẹ́ńjìnnì, iṣẹ́ ọ̀dà ti di iṣẹ́ lílu ihò nìyẹn. Ẹ ra gásíkẹ́ẹ̀tì ọrùn tuntun sílẹ̀, ìyẹn òrùka tó ń dí àárín ọrùn àti ẹ́ńjìnnì kí èéfín má jò. Èyí tó wà níbẹ̀ ti fún pọ̀ mọ́ ojú irin, kò ní í dí dáadáa mọ́.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an la dé yìí, ibẹ̀ náà ni gbogbo péńtà ti ń sáré. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ kì í ṣe sáńpépà. Bí ẹ bá fi sáńpépà ha irin tí ọ́ìlì wà lórí rẹ̀, ńṣe ni ẹ ń fi ọwọ́ ara yín ti ọ́ìlì bọ inú àwọn ìlà tí sáńpépà fà. Kẹrosíìnì kọ́kọ́, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó, lẹ́yìn náà ọṣẹ àti omi gbígbóná, kí ẹ gbé e sóòrùn títí á fi gbẹ. Ìgbà náà ni wáyà búrọ́ọ̀ṣì àti sáńpépà tó dé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sáńpépà nọ́ńbà 80, tó le jù, níbi tó ti dógùn-ún gan-an, kí ẹ bọ́ sí 120, kí ẹ parí rẹ̀ pẹ̀lú 220. Kò gbọ́dọ̀ dán jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀dà ń fẹ́ ibi tí yóò fi èékánná dì mú. Ọmọọṣẹ́ mi kan fi 1000 dán sàlẹ́ńsà kan bíi dígí nítorí pé ó fẹ́ kó rẹwà, ọ̀dà ọ̀hún ṣí lódidi bí awọ ejò. Ẹ wọ ìbòmú àti awò ojú, pàápàá bí ẹ bá ń lo búrọ́ọ̀ṣì tó ń yí lára ẹ̀rọ. Wáyà rẹ̀ máa ń já, ojú ló sì máa ń wá.

Gbogbo ọ̀dà àtijọ́ tó bá ṣí tàbí tó wú gbọ́dọ̀ kúrò dé irin. Àwọn ihò wínníwínní tí ìpẹtà ti jẹ, ẹ gbìyànjú kí wọ́n mọ́ nínú. Àwọn kan á ní kí ẹ fi omi bátìrì pa á. Ó ń ṣiṣẹ́ lójú, èmi náà kò sẹ́. Àmọ́ ásíìdì á wọ àwọn ojú ìsopọ̀ tí omi kò lè dé láti fọ̀ ọ́ jáde, á sì máa jẹ irin lọ lábẹ́ ọ̀dà tuntun. Ẹ ò ní í mọ̀ títí oṣù mẹ́ta. Fún àwọn nọ́ọ̀tì àti irin ìdìmú kéékèèké, fínígà tó bá sùn mọ́jú ti tó, kí ẹ fi omi àti ọṣẹ ṣan wọ́n, kí ẹ gbẹ wọ́n lójú ẹsẹ̀. Ní àsìkò òjò, irin tó wà ní ìhòòhò lè tún pọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́. Nítorí náà, ọjọ́ tí ẹ bá fi sáńpépà ha á náà ni kí ẹ kùn ún.

Tínà ló kàn. Aṣọ funfun méjì: ọ̀kan tó rẹ nínú tínà, èkejì tó gbẹ tó ń tẹ̀lé e kí tínà tó gbẹ fúnra rẹ̀. Bí aṣọ bá ṣì ń dúdú, ẹ yí ojú rẹ̀ padà, ẹ tún ṣe é. Tí aṣọ bá ti ń jáde ní funfun, ọ̀pọ̀ ènìyàn máa dúró níbẹ̀. Ẹ má dúró. Ẹ gbé sàlẹ́ńsà náà jìnnà sí tínà àti iná, ẹ gbé e sínú oòrùn ọ̀sán gangan fún wákàtí kan, kí ẹ padà wá wo ojú ìsopọ̀ níbi tí ọrùn ti bọ́ sínú ikùn. Ẹ ó rí i tí irin ń làágùn: ìlà ọ́ìlì tín-ín-rín á ti yọ jáde láti inú ìsopọ̀, kọ́ńdẹ̀m ọdún mẹ́rin nìyẹn. Ẹ nù ún, ẹ tún gbé e sóòrùn. Mo ti ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin fún sàlẹ́ńsà kan rí kó tó dáwọ́ dúró. Láti ìgbà yẹn lọ, ẹ má fọwọ́ lásán kàn án mọ́. Ọwọ́ ènìyàn náà ní òróró.

Kíkùn kò gùn. Ẹ fi wáyà gbé e kọ́ sí ibi tí atẹ́gùn kò ti ń fẹ́ eruku, kó má jẹ́ inú yàrá tó dé pa. Ẹ dí ẹnu ọrùn àti ibi tí gásíkẹ́ẹ̀tì ń jókòó. Ẹ mi agolo dáadáa fún ìṣẹ́jú méjì. Ìfín àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ dà bí ìrì, kí ẹ ṣì máa rí irin lábẹ́ rẹ̀, láti nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan sí i. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òmíràn. Lẹ́yìn mẹ́wàá míì, ẹ̀kẹta, ó parí. Ẹni tó bá fẹ́ kó nípọn ló ń wá ìyọnu: ojú ìta á gbẹ, inú á ṣì tutù, ooru á gbé e wú. Púráímà lásán, ìyẹn ọ̀dà ìpìlẹ̀, kò gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀dà yìí ń fẹ́ irin ìhòòhò. Bí agolo bá ní kí ẹ lo púráímà, tirẹ̀ tó gba ooru kan náà ni. Ẹ má kùn ún nígbà tí òjò bá ṣú tàbí tí ìrì àárọ̀ bá ṣì wà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ má sì kùn ún ní ìta nígbà ọyẹ́, eruku á sọ ọ́ di sáńpépà.

Ó ti dúdú, ó ti rẹwà, kò tíì jinná. Ẹ̀kọ́ tí péńtà kò kọ́ nìyí: ọ̀dà silicone kì í le nípa gbígbẹ, yíyan ló ń le é. Kó tó yan, èékánná lè ha á, ẹ̀kán pẹtiróòlù kan lè ṣí i. Bí ẹ bá sì tan máṣíìnì tí ẹ sáré lọ sí Ọ̀yọ́ tààrà, èròjà tó yẹ kó jáde díẹ̀díẹ̀ á fẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì, kí ẹ dè é padà. Ní òwúrọ̀ tí afẹ́fẹ́ tutù, ní ìta, ẹ tan ẹ́ńjìnnì kó máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, láì fún un ní iná. Ẹ pa á, kí ẹ fún un ní ogún ìṣẹ́jú kó tutù. Ẹ tún tan án fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ pa á, ogún ìṣẹ́jú míì. Lẹ́yìn náà, ẹ gùn ún fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ọ̀nà tó tẹ́jú, láìgbé èrò. Afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì Boxer, nítorí náà bí ẹ bá ní fáànù, ẹ kọ ojú rẹ̀ sí ara ẹ́ńjìnnì ní ogún ìṣẹ́jú kejì yẹn. Yóò rú èéfín, yóò rùn bí ike tó ń jó. Ẹ má bẹ̀rù, ẹ má sì fà á símú. Kò gbọdọ̀ jẹ́ inú gáréèjì tó ní ilẹ̀kùn, torí afẹ́fẹ́ kan tí kò ní òórùn wà nínú èéfín ẹ́ńjìnnì, òun ló ń pani.

Àwọn kan máa ń gbé e sórí èédú alágbẹ̀dẹ kó lè yá. Apá kan á pọ́n yòò, apá kan ò ní í lọ́ wọ́ọ́rọ́ pàápàá, ọ̀dà á sì jóná níbi kan kó tó yan níbi kejì. Ààrò ìyan-búrẹ́dì dára fún iṣẹ́ náà nítorí ooru rẹ̀ kò yàtọ̀ síra, àmọ́ èéfín ọ̀dà kò yẹ níbi oúnjẹ. Ẹ́ńjìnnì yín ti tó.

Bí ọrùn nìkan bá tún funfun lẹ́yìn oṣù díẹ̀ tí ikùn kò ní àléébù, ẹ má bínú sí ọ̀dà. Ẹ́ńjìnnì ló ń gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì wo kabúrétọ̀ bóyá atẹ́gùn ti pọ̀ jù fún epo, kó wo àlàfo fálífù, kó sì wo bóyá ẹnu gásíkẹ́ẹ̀tì ń jò. Bó bá ń jò, ẹ ó rí èéfín dúdú tó fín yí ojú ìsopọ̀ ká. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ ta omi ọṣẹ sí i nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan án ní àárọ̀, á máa hó ìfófòó.

Lẹ́yìn ìyẹn, aṣọ tó tutù àti ọṣẹ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni gbogbo ìtọ́jú rẹ̀. Kò sí dísù, kò sí kọ́ńdẹ̀m, kò sí òróró agbọn. Bí ọmọọṣẹ́ mẹkáníìkì bá gbé àkísà dúdú rẹ̀ sún mọ́ ọn, ẹ fún un ní owó omi rẹ̀ ṣáájú, kí ẹ ní kó fi àkísà náà nu ṣéènì. Kí ẹ sì rántí àwọn nọ́ọ̀tì ọrùn: gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun á fún pọ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́, nítorí náà bí máṣíìnì bá ti tutù ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ gbé sípánà, kí ẹ tún fún wọn díẹ̀.